Triglyceride (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) bàbá mi jẹ́ 310, ọ̀rá ti wà lẹ́dọ̀

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, triglyceride 310 mg/dL, skáànù tún ní ọ̀rá ti kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ wọn. Wọn ò mutí rí, ẹran ọlọ́ràá gan-an wọn kì í jẹ ẹ́, wọn ò sì sanra àfi ikùn tó yọ díẹ̀, ibo wá ni ọ̀rá yìí ti wá?

Nọ́ọ̀sì Tákíè: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kì í ṣe ẹran nìkan ló ń di ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń sọ ṣúgà tó bá ṣẹ́kù lára di triglyceride, àmàlà ńlá lálẹ́, gàárì oníṣúgà, mínírà, gbogbo ẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Kò yẹ kó tó 150. Ikùn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fún àtọ̀gbẹ náà, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c, torí àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ sábà máa ń rìn pọ̀.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ wá àgbo fún wọn jàre, á fọ̀ ọ́ dànù

Nọ́ọ̀sì Tákíè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àgbo tá ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lè dá kún ìṣòro ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì: Ọkọ tèmi náà ní in. Òkèlè ló dín kù, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ti ń wálẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Bàbá ní kí n má fọwọ́ kan àmàlà àwọn o 😂