Ǹjẹ́ a lè ka ọdún èéfín nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún?

Adéọlá: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ní agbègbè Sudbury, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, wọ́n ti ń yọ́ níkẹ́lì àti bàbà láti ìparí ọ̀rúndún 19, èéfín imí-ọjọ́ tó ń jáde níbẹ̀ sì sọ omi ọ̀pọ̀lọpọ̀ adágún di kíkan. Níwọ̀n bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń tò léra lọ́dọọdún, tí èyí tó pẹ́ wà nísàlẹ̀, tí tuntun sì wà lókè, ṣé a lè wọn imí-ọjọ́ inú ìpele kọ̀ọ̀kan kí a fi mọ bí èéfín ṣe pọ̀ tó lọ́dún náà?

Bàbá Kẹ́místrì: Adéọlá, kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí pé imí-ọjọ́ kì í rì bí eruku. Inú afẹ́fẹ́ ni gáàsì rẹ̀ ti ń di ásíìdì, òjò á gbé e wá sínú adágún, yóò sì yòrò bí iyọ̀ ṣe ń yòrò nínú ọbẹ̀. Súlféètì ni à ń pè é nígbà náà. Súlféètì yìí a máa wọ inú ẹrẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí ọ́síjìn ti tán, níbi tí àwọn bakitéríà tó ń jẹ ewé àti ewéko omi tó ti kú ti ń lò ó dípò ọ́síjìn, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Bí gáàsì náà bá pàdé irin nínú ẹrẹ̀, á di ohun dúdú tó lè di páíráìtì, ìyẹn òkúta tí irin àti imí-ọjọ́ para pọ̀ di, bó bá pẹ́. Òmíràn á lẹ̀ mọ́ àwọn ohun tó ń jẹrà.

Wò ó báyìí: bí ẹrẹ̀ bá ń ga ní mìlímítà 1 lọ́dún, tí súlféètì sì wọlé dé sẹ̀ǹtímítà 5 kó tó dúró, a jẹ́ pé inú ẹrẹ̀ àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni imí-ọjọ́ òní fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá ka ìpele yẹn bí ìwé ìtàn lè sọ pé ìbàjẹ́ ti wà kí wọ́n tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀.

Àjíkẹ́: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Òjé 210, irú òjé kan tó ń tú ìtànṣán jáde, tí ìdajì rẹ̀ ń parẹ́ ní nǹkan bí ọdún 22, ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọjọ́ orí imí-ọjọ́ tó wà nínú ẹrẹ̀ náà. Àwọn bakitéríà yìí tún ń dín kíkan omi kù. Ní Adágún 223, ní Ontario bákan náà, àwọn onímọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ da ásíìdì sínú omi láti 1976, wọ́n sì rí i pé adágún náà fúnra rẹ̀ pa agbára apá kan lára ásíìdì náà.

Adéọlá: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣé ohun tó bá ti wọ ẹrẹ̀ kò ní jáde mọ́?

Bàbá Kẹ́místrì: Kò ní jáde, àfi bí ọ́síjìn bá tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dá tó mú ní 1986 sí 1987 mú kí omi fà kúrò ní etí Swan Lake, nítòsí Sudbury, ẹrẹ̀ ibẹ̀ sì hàn sí afẹ́fẹ́. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ padà di súlféètì, nígbà tí omi sì kún padà, adágún tó ti ń bọ̀ sípò tún di kíkan, bẹ́ẹ̀ èéfín ti dínkù gan-an kó tó di ìgbà yẹn.