Ṣé igi irú náà ń fún ilẹ̀ lágbára bíi ti ẹ̀wà?

Ẹ̀yin àgbà oko, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Kétu níbí, a fẹ́ gbin àgbàdo sáàárín àwọn igi irú tó wà lóko bàbá wa, ẹnìkan wá ní ká má ra ajílẹ̀ torí pé ẹbí kan náà ni igi irú àti ẹ̀wà, Fabaceae. Òótọ́ ni, àmọ́ láti 2017 tí wọ́n ti pín ẹbí yẹn sọ́nà 6, ẹ̀wà àti ẹ̀pà wà ní Papilionoideae, igi irú wà ní Caesalpinioideae. Tí mo bá fa ẹ̀pà tu, mo máa ń rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò ẹ̀, tó o bá là á inú ẹ̀ á pọ́n, ibẹ̀ ni bakitéríà ti ń mú náítírójìn, oúnjẹ tó ń fún ilẹ̀ lágbára, látinú afẹ́fẹ́, mo wá hú ọmọ igi irú wò, mi ò rí kókó kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká gbin ẹ̀wà mọ́ àgbàdo yẹn ni, àbí ewé igi irú tó ń jábọ́ ti tó?