Bóótù wo ló yẹ fún orí bátìrì tó ń gbé iná ńlá?

Akẹ́kọ̀ọ́ Iná:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Bátìrì olójé méjì, oní-fóòtì 12 kọ̀ọ̀kan, ni mo so pọ̀ di fóòtì 24 fún ínfátà kan tó máa ń fa nǹkan bí áńpù 100 nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Orí bátìrì náà kì í ṣe irú èyí tó yọ sókè bí ìka. Ihò ni, tí a ń yí bóótù mìlímítà 8 sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó. Nígbà tí mo ṣí àpótí wò, awọ wáyà tó wà létí orí pọ́sítíìfù kan ti rọ̀, ó ti wú, lọ́ọ̀gì ibẹ̀, ìyẹn orí oníhò tí wọ́n fi sẹ́nu wáyà, sì ti dúdú lápá kan, bẹ́ẹ̀ orí kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tutù.

Mo fẹ́ pààrọ̀ gbogbo bóótù àti wọ́ṣà rẹ̀ pátápátá. Àwọn kan ní kí n ra ti idẹ, torí pé idẹ ń gbé iná ju irin lọ. Àwọn mìíràn ní sítéńlẹ́ẹ̀sì ni, torí pé kì í dípẹtà. Èwo ni kí n mú tí ìso náà yóò fi pẹ́, tí kò sì ní dá iná sílẹ̀ nínú ilé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìmọ̀ yín dù mí.

Bàbá Wáyà:

Àbúrò, o kú ewu. Má ṣe tan ínfátà náà mọ́ títí o ó fi tún ibẹ̀ ṣe. Kí n tó dá ọ lóhùn, ìbéèrè kan wà tó ṣáájú tìrẹ: kí ló fara kan ojú òjé bátìrì gan-an, ṣé lọ́ọ̀gì ni àbí wọ́ṣà?

Ìdí tí mo fi bi ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú bóótù ni iná ń gbà kọjá, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ojú lọ́ọ̀gì tó lẹ̀ mọ́ ojú orí bátìrì ni iná ń gbà. Iṣẹ́ bóótù ni láti fún ojú méjèèjì pọ̀ kí wọ́n má baà fi ara wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ìfúnmọ́ àti àìdípẹtà ni à ń wá lára bóótù, lára lọ́ọ̀gì ni à ń wá gbígbé iná. Bí wọ́ṣà sítéńlẹ́ẹ̀sì bá wọ àárín méjèèjì, o ti fi ohun tó ń dènà iná ní nǹkan bí ìlọ́po 40 ju bàbà lọ dí ọ̀nà, o sì ti sọ ojú ìfarakàn kan ṣoṣo di méjì. Bí ìdènà ibẹ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún óòmù péré, áńpù 100 tó ń gba ibẹ̀ kọjá yóò mú ooru wáàtì 10 jáde ní ibi tí kò tóbi tó owó ẹyọ kan. Bí áńpù náà bá di 200, ooru yẹn kò ní dúró sí wáàtì 20. 40 ni yóò jẹ́, nítorí pé bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí: lọ́ọ̀gì ni yóò kọ́kọ́ jókòó sórí òjé, láìsí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀, wọ́ṣà pẹlẹbẹ ni yóò tẹ̀ lé e, kí wọ́ṣà sípíríìngì tó wá, kí orí bóótù sì kẹ́yìn. Bí lọ́ọ̀gì bá ju ẹyọ kan lọ, kí èyí tó ń gbé iná jù wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ní ti ohun tí wàá rà, sítéńlẹ́ẹ̀sì ni èmi yóò mú fún bóótù àti wọ́ṣà, pàápàá níbi tí èéfín ásíìdì bá ti ń dé. Idẹ kò burú, ṣùgbọ́n ó rọ̀, eyín rẹ̀ sì lè já bí a bá fi ipá dè é. Irin tí wọ́n fi síńkì bò ń ṣiṣẹ́ níbi gbígbẹ, àmọ́ ásíìdì máa ń jẹ síńkì náà. Orí lọ́ọ̀gì gan-an ni kí o ti má ṣahun: bàbà tó nípọn, tí wọ́n fi tin bò, ni kí o rà, kí ihò rẹ̀ sì bá bóótù mìlímítà 8 mu, torí pé ihò mìlímítà 10 yóò jẹ nínú ojú tí iná ì bá gbà. Kí ẹnu rẹ̀ bá sísanra wáyà mu pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi irinṣẹ́ tí a ṣe fún lọ́ọ̀gì fún un, kì í ṣe òòlù. Lẹ́yìn náà, di wáyà mú kí o fa lọ́ọ̀gì tagbára-tagbára. Èyí tó bá yọ lọ́wọ́ rẹ kò yẹ kó dé orí bátìrì.

Atúnkọ̀ṣe:

Bàbá Wáyà ti là á mọ́lẹ̀. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára ni mo fẹ́ fi kún un. Níbi tí orí bátìrì bá ti jẹ́ ihò tí kò là já, gígùn bóótù ṣe pàtàkì bí ohun tí wọ́n fi rọ ọ́. Nígbà kan, bóótù tí mo lò fi nǹkan bíi mìlímítà 2 gùn jù. Mo dè é títí ó fi le gbagidi, sípánà kò lọ mọ́, mo sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àṣé ìdí ihò ni ẹnu bóótù ti kàn, kò fún lọ́ọ̀gì rárá. Lọ́jọ́ kejì ni mo fi ìka méjì tọ́ lọ́ọ̀gì náà wò, ó sì ń yí bí òrùka tó tóbi ju ìka lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi igi tín-ín-rín wọn jíjìn ihò, tí mo ń ro ìnípọn lọ́ọ̀gì àti ti wọ́ṣà mọ́ ọn, kí n tó yan bóótù tó fi díẹ̀ kúrú sí àpapọ̀ náà. Kó má sì kúrú jù, torí pé bí eyín díẹ̀ péré bá mú nínú òjé, wọn yóò já.

Bí orí bátìrì bá jẹ́ èyí tó gba nọ́ọ̀tì, ẹ má lo nọ́ọ̀tì elétí méjì tí à ń fi ọwọ́ yí fún iná ńlá. Ìlànà ABYC fún ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà kò gbà á láàyè fún wáyà bátìrì oní-6 AWG (òǹkà sísanra wáyà ti Amẹ́ríkà) àti èyí tó bá nípọn jù ú lọ. Bàbà inú 6 AWG tó nǹkan bíi mìlímítà 13 níwọ̀n onígun mẹ́rin. Ọwọ́ lásán kò lè dè é tó, gbígbọ̀n ọkọ̀ a sì máa tú u.

Àbúrò, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, pa ínfátà, bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ, kí o sì fi téèpù we sípánà, kó ku ẹnu rẹ̀ nìkan. Nẹ́gítíìfù ni kí o kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí o dè kẹ́yìn. Ṣí fèrèsé, kí o sì wọ awò ìdáàbòbo ojú, nítorí pé gáàsì háídírójìn tí bátìrì olójé ń tú jáde lè bú gbàù bó bá ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Iná:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti tú u. Wọ́ṣà ló wà lábẹ́ lọ́ọ̀gì tó gbóná yẹn lóòótọ́, ojú rẹ̀ ti ṣú, òjé tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ní àpá róbótó. Èmi ni mo fi síbẹ̀, torí mo rò pé yóò dáàbò bo òjé. Orí tó tutù kò ní nǹkan kan lábẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé kí n fi gírísì pa ojú méjèèjì kí n tó dè é, àti pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti le tó?

Bàbá Wáyà:

Gírísì kì í gbé iná, nítorí náà kó má wọ àárín. Fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ojú òjé títí yóò fi dán. Má ha lọ́ọ̀gì, torí wàá ha tin orí rẹ̀ kúrò, nù ún lásán ni. Dè é ní gbígbẹ, kí o wá fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ìta rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ àti ásíìdì má ráyè.

Ní ti bó ṣe yẹ kó le tó, iye newton-mítà rẹ̀ wà nínú ìwé tí àwọn tó ṣe bátìrì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Lo sípánà tó ní òǹkà, má gbẹ́kẹ̀ lé apá rẹ, òjé rọ̀. Má fi epo sí eyín bóótù bí ìwé náà kò bá ní kí o fi sí i, nítorí pé bí eyín bá ń yọ̀, iye kan náà lórí sípánà yóò fún un ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn èyí, tan ínfátà, kó iṣẹ́ lé e, kí o yí mítà sí milifóòtì. Fi ẹnu kan kan òjé fúnra rẹ̀, fi ìkejì kan ara lọ́ọ̀gì, má fi kan bóótù. Ní áńpù 100, milifóòtì 10 túmọ̀ sí ooru wáàtì 1. Wọn gbogbo orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá ga ju àwọn yòókù lọ fíìfíì ni kí o tún tú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí bóótù kọjá sórí lọ́ọ̀gì. Òjé máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìfúnmọ́, nítorí náà fi sípánà olónkà kàn án lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kódà bí ìlà náà kò bá tíì yà.