Bàámi ń fi ọ̀sán sùn, wọ́n ń fi òru rìn: ṣé ẹ̀dọ̀ wọn ló fà á?

Ọmọ Ìkòròdú, Dublin:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá lálẹ́ òní. Ẹ rántí pé ẹ̀dọ̀ bàámi ti le látàrí kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tó ti pẹ́ lára wọn, wọ́n sì ti fa omi kúrò nínú ikùn wọn rí. Àbúrò mi tó wà pẹ̀lú wọn nílé sọ pé láti ọjọ́ mélòó kan báyìí, ọ̀sán ni wọ́n fi ń sùn, òru ni wọ́n fi ń rìn káàkiri inú ilé. Lánàá, wọ́n dìde ní ọ̀gànjọ́ òru láti kírun Àsùbáà, wọ́n kí i tán, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo pè wọ́n lórí fídíò, orúkọ àbúrò wọn obìnrin tó ti dolóògbé ni wọ́n fi ń pè mí. Àwọn kan nínú ẹbí ní ogbó ni, àwọn mìíràn ní kí a lọ bá àlùfáà. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ní kí wọ́n wá. Ṣé kí a dúró dìgbà náà, àbí kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lálẹ́ òní?

Ìyá Ìbejì, Houston:
Àbúrò mi, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀. Ohun tí o kọ sílẹ̀ yìí gan-an ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìgbógbó. Oorun ló kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà ni ìwà wọn. Ẹni tí a mọ̀ sí onísùúrù bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ àwọn ọmọ, wọ́n ń gbàgbé ibi tí wọ́n fi owó sí, báńkì sì dá ìwé wọn padà nítorí pé ìbuwọ́lù wọn kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyàwó wọn kò rí oorun sùn mọ́, ó lọ ra oògùn oorun fún wọn ní kẹ́míìsì kan. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a kò lè jí wọn. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti lajú padà, owó ilé tí mo ń kó jọ sì bá a lọ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀ lóru òní, kí ẹnikẹ́ni má fún Bàbá ní oògùn oorun.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́, Manchester:
Òtítọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ìfun wa máa ń mú amóníà, ìyẹn májèlé kan, jáde láti inú oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ tó yè sì máa ń sọ ọ́ di ohun tí a ń tọ̀ dànù. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le, ẹ̀jẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, amóníà yóò sì dé ọpọlọ, yóò dà á rú. Kì í ṣe ogbó, ogbó kì í dé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí àbúrò rẹ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n sì ya ìka. Bí ọwọ́ náà bá ń já wálẹ̀ lójijì tó tún ń padà sókè, àmì ńlá ni. Kí ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ́yìn, bóyá ìgbọ̀nsẹ̀ náà dúdú, bóyá ara wọn gbóná tàbí inú ń dùn wọ́n, nítorí pé ìgbẹ́ tó dì, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ìfun, àkóràn inú omi ikùn, àti oògùn tí ń mú ni tọ̀ tó bá pọ̀ jù, gbogbo wọn ló lè dá a sílẹ̀. Kí wọ́n tún yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n sì sọ fún dókítà bí wọ́n bá ti ṣubú tí wọ́n forí gbálẹ̀, torí àwọn nǹkan wọ̀nyí náà lè da ọ̀rọ̀ rú lẹ́nu àgbàlagbà. Bí wọ́n bá ti ń tòògbé tí a kò lè jí wọn dáadáa, ẹ pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì ti Èkó, lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu.

Ará Badagry, Toronto:
Ìyá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò gbà pé oògùn oorun nìkan ló ṣe ẹ̀gbọ́n yín bẹ́ẹ̀. Màmá mi kò lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ará ilé ló rí i pé lactulose, oògùn olómi dídùn yẹn, ń mú wọn lọ sẹ́yìn ilé lemọ́lemọ́, àánú ṣe wọ́n, wọ́n sì dá a dúró. Ìgbẹ́ dì, ọpọlọ sì dàrú. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín dáadáa.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti béèrè. Inú wọn ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn oògùn yẹn ni wọn kò jí mọ́, kò sí ohun mìíràn láàárín.

Ará Badagry, Toronto:
Ṣé wọn kò ti ń ṣi ìwà hù kí wọ́n tó lò ó ni? Nǹkan kan ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́, Manchester:
Ẹ̀yin méjèèjì, nǹkan kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, oògùn oorun ló sì tì í ṣubú. Ẹ̀dọ̀ tó le kì í tètè palẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ kúrò lára, nítorí náà agbára rẹ̀ ń pẹ́ lórí ọpọlọ tí amóníà ti ń dà láàmú. Lactulose náà kò ṣeé dá dúró lójijì: ohun tí a ń wá ni ìgbọ̀nsẹ̀ rírọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí ẹ bá dókítà sọ ọ́ kí ó dín in kù, nítorí inú tó ń ṣu jù ń gbẹ omi ara, ìyẹn náà sì léwu. Bí ìdàrú ọpọlọ náà bá tún padà lẹ́yìn lactulose, wọ́n máa ń fi rifaximin, oògùn tó ń pa kòkòrò inú ìfun, kún un.

Ọmọ Ìkòròdú, Dublin:
Mo ti pe àbúrò mi. Ọwọ́ Bàbá ń já wálẹ̀ bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí, wọn kò sì tíì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ti ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba báyìí. Àǹtí wa kan ti ní kí wọ́n má jẹ ẹran àti ẹja mọ́. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà ń kọ́?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Peckham:
Ẹ dúró gbọ́ ohun tí dókítà máa sọ lálẹ́ òní ná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹja yẹn dùn mí. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ló sọ bàbá tèmi di egungun.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́, Manchester:
Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti fi ìmọ̀ràn yẹn sílẹ̀. Iṣan ara náà máa ń bá ẹ̀dọ̀ palẹ̀ amóníà mọ́, bí iṣan bá sì jò tán, àìsàn náà á túbọ̀ le. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò purotéènì tó gíráàmù 72 sí 90 lójúmọ́. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, wàrà, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí wọ́n sì jẹ nǹkan díẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Nígbà tí Bàbá bá padà sílé, láti fi mọ bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ lè máa ní kí wọ́n dárúkọ ẹranko láàárín ìṣẹ́jú kan, ní Yorùbá, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Bí wọn kò bá lè dárúkọ tó 10, ẹ tún padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ará Badagry, Toronto:
Ṣé ẹja wà lára ẹranko tí wọ́n ń kà?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́, Manchester:
Ó wà níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Peckham:
A jẹ́ pé kò sí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó máa kùnà! Òbòkún, ẹ̀pìyà, àrọ̀, akàn, edé, a kò tíì kúrò létí ọ̀sà kí ìṣẹ́jú náà tó pé. Ní Ìkòròdú, ewúrẹ́ àti adìyẹ ni wọ́n máa dárúkọ, tí wọ́n á wá dákẹ́.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ìkòròdú náà létí ọ̀sà ló wà, ẹ má gbàgbé. Ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá mi ń sè pẹ̀lú ẹja tútù, n kò rí irú rẹ̀ ní Houston títí di òní. Irú oúnjẹ rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ Bàbá.

Ará Badagry, Toronto:
Ẹ fi edé Badagry sí i, kí ó lè pé.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́, Manchester:
Ìkọ́kọrẹ́ dára, ẹja tútù sì dára, ṣùgbọ́n nítorí omi inú ikùn wọn, kí iyọ̀ kéré, kí wọ́n yọ Maggi kúrò, kí edé náà sì jinná dénú. Òjò ń rọ̀ níbí, ẹ sì ti mú kí òórùn ẹja yíyan Ẹ̀pẹ́ máa ṣe mí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Peckham:
Màmá mi máa lọ sí ọjà ẹja Olúwo lọ́jọ́ Sátidé. Màá ní kí wọ́n ṣa òbòkún tó tóbi fún Bàbá, ẹni tó ń gba Ìtọ́ìkín wá sí Ìkòròdú sì máa bá wa gbé e wá. Àbúrò, fi nọ́ńbà ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.