Ṣé kéèyàn má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni náà ni wọ́n ń pè ní òmìnira?

Ìbéèrè:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o. A dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tá a ti ń ka ìwé lórí anákísíìmù, ìyẹn èrò pé àwọn èèyàn lè jọ ṣètò ara wọn láìsí ìjọba tàbí ọ̀gá lórí wọn, a ò yan alága, a ò yan akọ̀wé, gbogbo wa la jọ ń ṣe é. Ẹnì kan wá wà láàárín wa, ohun yòówù ká jọ fẹnu kò sí, tó bá dọjọ́ iṣẹ́ á ní òun ò ṣe, pé anákísíìmù ni pé kẹ́nikẹ́ni má pàṣẹ fóun. Ó ń dùn mí gan-an torí àwa yòókù là ń ṣe tiẹ̀ mọ́ tiwa. Kí ni mo lè sọ fún un tí èmi náà ò fi ní di ọ̀gá lé e lórí?

Èsì 1:
Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa ni pé òmìnira dà bí ilẹ̀ tó láàlà, bí tìẹ bá fẹ̀, tèmi á sún kì. Bakunin, ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1876 yẹn, tó wà lára àwọn tó tan èrò anákísíìmù kálẹ̀, ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, lójú tiẹ̀ òmìnira ẹlòmíì ló ń jẹ́ kí tòun gbòòrò, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ẹrú bá ṣì wà nítòsí, òun náà ò tíì bọ́. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí ní òun ò fẹ́ ọ̀gá, àmọ́ ẹ̀yin lẹ wá ń bá a ṣiṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀!

Èsì 2:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ tiyín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rọra. Láti 1844 ni Stirner, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì kan, ti ń kìlọ̀ pé èèyàn lè sá fún ọba kó wá lọ di ẹrú ohun tí wọ́n ń pè ní ire gbogbo wa. Olùbéèrè, ṣé ó fẹnu ara ẹ̀ gbà, àbí ó dákẹ́ lẹ bá ní ó gbà? Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ tí ò ní alága rí o, àwọn méjì ló ń parí gbogbo ọ̀rọ̀ lórí fóònù lóru, a ò sì lè yọ wọ́n nípò torí kò sẹ́ni tó yàn wọ́n.

Èsì 3:
Ohun tó jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ anákísíìmù yìí gbọ́ ni Barcelona ní Sípéènì ní 1936, nígbà táwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú CNT, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé èrò yìí, gba trámù ìlú, ìyẹn ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin nígboro, sọ́wọ́ ara wọn tí wọ́n ń wà á láìsí ọ̀gá ilé iṣẹ́, ìpàdé ni wọ́n ti ń yan aṣojú, àwọn tó yàn ọ́ sì lè yọ ọ́ nípò. Trámù ò sì lè rìn tí kálukú bá ń wá nígbà tó wù ú. Àdéhùn yàtọ̀ sí àṣẹ, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ lè sọ pé òun ò gbà kí wọ́n tó ṣe é, kó sì lè kúrò tí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Olùbéèrè:
Mo pè é lálẹ́ àná. Ó ní méjì nínú àwọn ìpinnu yẹn, òru la ṣe é lórí fóònù, ó ti sùn. Mo lọ wò ó, òótọ́ ni, èmi gan-an wà níbẹ̀. A máa tún méjèèjì sọ látìbẹ̀rẹ̀ lójúkojú, ẹ ṣé o.