Ẹ má jẹ́ ká pè wọ́n ní ẹrú oògùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Kàbà ní kí ìwé ìlera tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ agbègbè wa máa pe addiction (kí èèyàn má lè jáwọ́ nínú oògùn bó tilẹ̀ ń pa á lára) ní "ìdẹrú-oògùn", nítorí pé "bárakú" ti fẹjú jù: a ń lò ó fún tẹ́tẹ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, mi ò fara mọ́ ọn. Tẹ́tẹ́ lè di bárakú lóòótọ́; ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 fi í sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú oògùn. Ẹrú ńkọ́? Èébú ni. Ẹni tí a bá pè bẹ́ẹ̀ á máa sá fún nọ́ọ̀sì. Àmọ́ àìsàn bárakú ni àwọn ìyá wa ń pe ìtọ̀ ṣúgà, wọn kì í sì í bú ẹni tó ní in. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń pa nǹkan méjì pọ̀: kí oògùn mọ́ni lára, àti kí ó di bárakú fúnni. Ọmọkùnrin kan wà ní Ìyàrá tó ń kọ ebè fún owó. Kò lè wọ oko láìlo tramadol, oògùn apàrora kan tó lágbára. Lọ́jọ́ tí kò bá rí i, á máa yán ṣáá, imú rẹ̀ á máa ṣomi, gbogbo oríkèé á máa ro ó. Màmá àgbàlagbà kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lo oògùn kan náà fún ìgbà pípẹ́, ara tiẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó tán. Dókítà dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dáwọ́ dúró, kò sì wá a kiri mọ́. Ọmọkùnrin yẹn ní tirẹ̀ ta táǹkì tí bàbá rẹ̀ fi ń fín oko, kó lè rí owó ra oògùn náà.

Oògùn náà ti mọ́ àwọn méjèèjì lára. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó di bárakú fún. Ìwé 2013 yẹn náà kò ka ìyà tí ara ẹni tó ń lo oògùn bí dókítà ṣe kọ ọ́ ń jẹ mọ́ àmì bárakú.

Nítorí náà, "ìmọ́nilára" ni mo dábàá fún ti màmá yẹn. "Ìmọ́lára" ìbá kúrú, àmọ́ ẹni tí kò rí àmì ohùn á kà á sí "ìmọ̀lára".

"Ìlòkulò" yàtọ̀ sí méjèèjì. Mílíọ̀nù 14.3 tí ìwádìí ìjọba Nàìjíríà àti UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, tó jáde ní 2019 kà, ẹni tó lo oògùn ní ìlòkulò láàárín ọdún kan ni wọ́n; kì í ṣe gbogbo wọn ló ti di bárakú fún.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa yọ "ẹrú" kúrò kí ìwé náà tó dé ilé ìtẹ̀wé. Kí ẹ sì fi kún un pé ẹni tí oògùn bá ti mọ́ lára kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà.