Ajá mi gbé ológbò Hájíà sẹ́nu: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Tómi, Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti tó oṣù mẹ́rin, àmọ́ lánàá ni ẹnì kan tí ajá rẹ̀ pa adìyẹ aládùúgbò pè mí pé kí ni kí òun ṣe. Mo ní kí n kúkú kọ tèmi síbí, kí ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí lè bá wa dá sí i.

Ajá wa ń jẹ́ Ṣebótimọ. Bàbá Tómi ló sọ ọ́ lórúkọ nígbà tí a ṣì ń gbé Mararaba, ẹ má bi mí ẹni tó fi ń bá wí. Ajá ilé lásán ni, kò ga ju orúnkún mi lọ, àwọn ọmọ máa ń gùn ún bí ẹṣin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, aago méje àárọ̀ kò tíì lù, mẹ́ruwà ti ọmọlanke omi rẹ̀ dé. Mo ṣí géètì fún un, ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé ní méjì méjì, géètì sì wà ní ṣíṣí. Ológbò Hájíà, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ń yáàrùn lórí ọkọ̀ tí wọ́n gbé síta. Funfun ni, ó ní àmì dúdú létí kan. Ó fò sílẹ̀. Fífò yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Kí n tó pe ajá lórúkọ, ó ti gbé e sẹ́nu, ó ń gbọ̀n ọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn iyanrìn kúrò lára ẹní.

Mo bọ́ bàtà, mo fi nà án nídìí, kò gbọ́. Mo fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mẹ́ruwà lọgun, "Haba! Kada ki sa hannu!" Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ lé ajá lórí. Ìgbà yẹn ló tó tu ológbò sílẹ̀, tí ìyẹn sá wọ abẹ́ ọkọ̀.

Kí n má purọ́ fún yín. Ilé Hájíà ni mo kọ́kọ́ wò. Géètì wọn ṣì wà ní títì, kò sẹ́ni tó yọjú. Mo wo mẹ́ruwà. Òun náà ń wò mí, kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Mo sọdá, mo kan géètì wọn.

Hájíà ò pariwo. "Innalillahi" ló ń wí ṣáá. Ó dojú bolẹ̀ tòun ti híjáàbù, ó na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀, ó fa ológbò jáde. Ìyẹn fi èékánná ya á lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí a rí lára ológbò fúnra rẹ̀ ò ju ìdajì ṣíbí lọ, lábẹ́ abíyá. Hájíà ní, "Alhamdulillahi, Mama Tómi, ba komai." Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, kò gbà pé kò sí nǹkan kan, ẹkún ló ń sun. Àbúrò Hájíà sì ti ṣẹ́ parasitamọ́ọ̀lù kan sí méjì, ó fẹ́ fi ìlàjì sí ológbò lẹ́nu kí ìrora lè rọlẹ̀.

Ọlọ́run ló ní kí n ti máa pe dókítà ẹran wa lórí fóònù. Bó ṣe gbọ́ parasitamọ́ọ̀lù báyìí, ohùn rẹ̀ yí padà: "Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!" Ó ní ẹ̀dọ̀ ológbò ò lágbára láti tú oògùn yẹn palẹ̀ bíi ti èèyàn, pé ó máa ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi tí kò fi ní lè gbé atẹ́gùn kiri ara mọ́, pé ìlàjì hóró yẹn lè pa á ju eyín ajá lọ. Èmi tí mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta, tí parasitamọ́ọ̀lù kì í wọ́n nílé mi, mi ò gbọ́ ọ rí.

Inú páálí tí a tẹ́ táwẹ̀lì sí la gbé e lọ. Dókítà fá irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ò ju ẹnu bírò lọ. Ó ki irin tín-ín-rín kan bọ inú ọ̀kan, irin yẹn ń rìn lábẹ́ awọ, a ń wò ó tó ń gbé awọ sókè, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ nínú ihò kejì. Hájíà gbé ojú kúrò. Dókítà ní gbígbọ̀n tí ajá ń gbọ̀n ọ́n yẹn ló fà á: eyín dúró sójú kan, awọ ń ya kúrò lára ẹran nísàlẹ̀. Lókè, ihò á pa dé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìdọ̀tí ẹnu ajá á wà nínú, ọyún á máa kó jọ, ẹni tó ni ín á rò pé ó ti jinná. Ó fọ̀ ọ́, ó fi rọ́bà kékeré sí i kí omi ibẹ̀ lè máa rí ọ̀nà jáde, ó gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora tó jẹ́ ti ológbò gan-an. ₦41,000. Mo sanwó kí Hájíà tó ṣí báàgì.

Ó wá ku èyí tó dùn mí jù. "Káàdì ajá dà?" Mo mú un jáde. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó gbà kẹ́yìn ti lé lọ́dún kan àti oṣù méjì. Ojú tì mí. Hájíà ò tilẹ̀ wò mí. Dókítà ní kó lọ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ tí ológbò ya fún ìṣẹ́jú 15, kó sì ti ibẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ológbò gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ajá wa, ó ní ká so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10, nítorí ajá tí dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé nǹkan jẹ, kò ní kọjá ọjọ́ 10 kí àìsàn tó hàn lára rẹ̀ tàbí kó kú. Bàbá Tómi tó ti ń fìbínú wá pàṣán ni ó kọjú sí: "Ẹ má pa á o. Ẹ má sì jẹ́ kó sọnù."

Gbogbo ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ọmọ Hájíà á wá fi ojú kan sí ihò géètì wa. "Mama Tómi, ajá yẹn jẹun lónìí?" Ó jẹun. "Ó mu omi?" Ó mu. Á yí padà, á máa lọ. Ní ọjọ́ kọkànlá, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn gbé ológbò sáyà, ó gbé e sókè kí Ṣebótimọ lè rí i dáadáa láti ọ̀ọ́kán.

A ti ṣe ìkọ́ sí géètì báyìí. Mẹ́ruwà ò sì wọlé wa mọ́ láìkọ́kọ́ dúró níta béèrè pé, "Ina kare?", ìyẹn ni pé, ajá dà?

Bàbá Ìbejì, Kaduna

Ìyá Tómi, ẹ kú orí ire. Èmi, ti tèmi kú ni. Tòlótòló mẹ́fà ni ajá ojúlé kejì fi ṣeré lóru ọjọ́ kan. Kò jẹ ẹyọ kan, ó kàn pa wọ́n kalẹ̀ ni. Olówó ajá ní ajá tòun ò jáde. Ìyẹ́ sì wà létí ẹnu rẹ̀ o! Ẹnì kan ní kí n po òtapiapia mọ́ ẹran, kí n jù ú sójú ọ̀nà. Mo dé ìdí ẹni tó ń tà á, owó ti wà lọ́wọ́ mi. Ni ewúrẹ́ kan bá kọjá, ọmọ kékeré kan ń tẹ̀ lé e, tó ń ṣa nǹkan nílẹ̀ jẹ. Mo padà sílé.

Ọ̀dọ̀ mai unguwa, olórí àdúgbò wa, ni mo gbà lọ. Mo ti ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ kí n tó sin wọ́n, àti ojú ẹsẹ̀ ajá, àti ibi tó ti ya wáyà àgò. Mai unguwa ò kọ́kọ́ bi olówó ajá, èmi ló bi: inú ọgbà mi ni àbí ìta? Mo ní mẹ́rin wà nínú àgò, méjì tí kì í gbà ká kó wọn wọlé ń sùn lábẹ́ máńgòrò níta. Ó ní kí ọkùnrin náà san mẹ́rin. Orí mi gbóná, ó tó ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, níbẹ̀ yẹn sì rèé, ọkùnrin náà pa obì gbànja, mo gba awẹ́ kan.

Ọmọ Ọ̀fà, Zaria

Mo ń bá àwọn dókítà ẹran ṣiṣẹ́ níbí, ẹ jẹ́ kí n fi kún ti káàdì yẹn. Ọmọ ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta la máa ń gún ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, lẹ́yìn náà ó di ọdọọdún. Ibùdó ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, láti 1924, ń ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò ni ibi tí ẹni tó fẹ́ gún un ti yọ ọ́. Tí kì í bá ṣe inú yìnyín, tó jẹ́ àpò ṣòkòtò ló ti mú un jáde, omi lásán lẹ ń sanwó fún. Nǹkan bí 28 September, tó jẹ́ Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé (ọjọ́ tí Louis Pasteur tó ṣe abẹ́rẹ́ náà kú ní 1895 ni wọ́n fi sí), ọ̀pọ̀ ọsibítù ẹran máa ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ béèrè nítòsí yín.

Ẹni tí ajá bá gé jẹ ní tirẹ̀, kó má jókòó ka ọjọ́ 10. Kó lọ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí tí dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Irun ajá tí wọ́n ń sun tí wọ́n ń fi sójú egbò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irun ajá sílẹ̀ fún ajá.

Bàbá Géètì, Gwarinpa

Tèmi yàtọ̀. Ajá mi wà lórí ṣéènì nínú ọgbà mi. Ọmọ ajá aládùúgbò ló gba abẹ́ géètì wọlé, tó lọ fẹ́ bá a jẹ nínú abọ́. Tèmi gé e létí. Wọ́n gbé rìsíìtì ọsibítù wá, mo ní mi ò san kọ́bọ̀. Kí lẹ̀bi mi níbẹ̀?

Ìyá Tómi

Ẹ ò jẹ̀bi lójú tèmi o. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mélòó ló ti wọlé kó tó di ọjọ́ yẹn?

Bàbá Géètì

Á tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà.

Ìyá Tómi

Ẹ ò sì fi búlọ́ọ̀kù dí abẹ́ géètì.

Bàbá Géètì

Àwọn náà ò so tiwọn.

Bàbá Ìbejì

Ẹ san ìdajì, sà. Kí wọ́n ra búlọ́ọ̀kù.

Àǹtí Lugbe

Mo ti ka gbogbo yín. Ehoro méjì ni tèmi. Ọmọ ilé kejì ló ń sìn wọ́n, ọmọkùnrin. Ajá wa gbẹ́ ilẹ̀ gba abẹ́ ògiri lọ́sàn-án, àwọn onílé ò sí nílé. Ìgbà tó ń bọ̀ ni mo rí i, irun funfun ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo fọ ẹnu rẹ̀. Mo dí ihò náà. Nígbà tí wọ́n dé tí ọmọ ń sunkún, mo lọ bá wọn kẹ́dùn, mo ní àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé ológbò igbó ni. Ìyá rẹ̀ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti lé lọ́dún kan.

Ìyá Tómi

Ha, Àǹtí mi. Ẹ ra ehoro méjì, kí ẹ sọdá lọ sọ fún un.

Àǹtí Lugbe

Wọ́n ti kó lọ sí Keffi lóṣù tó kọjá. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi.